Físíìsì nítòsí ilé, astronomy ní Nsukka, tàbí òkè òkun: ìfiwéra fún ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó fẹ́ kọ́ nípa ìràwọ̀

Tí ọmọ bá délé tó ní ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ lòun fẹ́ kà ní yunifásítì, ìbéèrè méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òbí: níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, kí ni wọ́n sì ń fi í jẹ? Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í rí ẹni dá wọn lóhùn. Wọ́n á ní kó lọ fi Medicine sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ọmọ á sì máa tún ìdánwò ṣe lọ́dọọdún nítorí ohun tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo kọ ìfiwéra yìí fún ọmọ SS2 àti SS3, àti fún bàbá àti ìyá tó máa sanwó. Mi ò ní fi èrò tèmi pamọ́: fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, físíìsì ní yunifásítì tó súnmọ́ ilé, pẹ̀lú ìṣirò tó jinlẹ̀ àti kóòdù kọ̀ǹpútà kíkọ, sàn ju kí wọ́n máa sá tẹ̀lé orúkọ astrophysics kiri láti ọdún kìíní. Àwọn kan wà tí ìmọ̀ràn yìí kò bá mu, màá sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Kí ẹ tó yan ilé-ẹ̀kọ́

Astrophysics ni físíìsì tí wọ́n fi ń wádìí ohun tó wà lókè: ohun tó ń mú kí ìràwọ̀ máa tàn, bí ìràwọ̀ ṣe ń kú, ohun tó wà láàárín ìràwọ̀ kan àti èkejì, àti bí gbogbo àgbáyé ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó ń ṣe é máa ń fi ojú sí ẹnu awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn láti alẹ́ mọ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò jù. Sátẹ́láìtì Gaia tí àwọn ará Yúróòpù gbé lọ sókè ní 2013 ti wọn ibi tí ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan wà, ọ̀fẹ́ sì ni dátà náà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe kọ kóòdù tó máa fa òtítọ́ kan yọ nínú irú òkìtì nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mọ ìgbà tí nọ́ńbà ń tan yín.

Ìṣirò wá ni ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tó fẹ́ràn ojú ọ̀run ṣùgbọ́n tí ìṣirò ń ni lára, ẹ jẹ́ kó tètè mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ìṣirò ló fẹ́ lọ bá. Ìyẹn kò ní kó má wo ìràwọ̀ o. Ojú ọ̀run tiwa níbí gan-an lẹ́wà ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ lọ. Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, bíi dígírì 7 péré ló fi wà ní àríwá rẹ̀. Lóṣù Karùn-ún, tí òjò bá rọ̀ tó sì dá, ẹ jáde síta ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́. Ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́rin tó ṣe bí àgbélébùú. Ẹ yíjú sí àríwá, ẹ ó rí méje tó tò bí ìgbakọ. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí ti àríwá yẹn, ṣùgbọ́n ti gúúsù kì í yọ sí i láéláé.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, kírẹ́díìtì márùn-ún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè fún físíìsì, tí Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Físíìsì àti Kẹ́mísírì wà nínú wọn. Ní JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Físíìsì àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan sí i. Further Maths kì í ṣe dandan, àmọ́ ọmọ tó ṣe é ní girama kì í jìyà ní ọdún kìíní bíi ti ẹni tí kò ṣe é.

Àgọ́-Ìwòyè àti Nsukka

Ẹ jẹ́ kí n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí ibí ni ìpinnu náà ti le jù.

Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè wà láti 1982, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Ogun State University. Físíìsì ibẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ní físíìsì níbi gbogbo ni wọ́n ń kọ́: bí nǹkan ṣe ń lọ àti bí ó ṣe ń dúró, ooru, iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì, ìmọ́lẹ̀, quantum (físíìsì àwọn ohun tó kéré jù), àti ìṣirò tó gbé gbogbo wọn dúró. Ẹ wo ohun tí àwọn tó ń gba ọmọ sí Master's astrophysics ní Cape Town tàbí ní Jámánì ń wò nínú ìwé ọmọ. Àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí gan-an ni. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ọmọ ti kọ́ nípa ihò dúdú (black hole) ní ọdún kejì. Wọ́n á béèrè ohun tó gbà nínú quantum àti nínú electromagnetism, ìyẹn ẹ̀kọ́ iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì.

Èrè kejì ni pé ilé kò jìnnà. Ọmọ Orù tàbí ti Ìjẹ̀bú-Òde lè wá gbé gàrí lópin ọ̀sẹ̀. Owó tí ẹ kò ná sórí ọkọ̀ àti ilé gbígbé lè ra láptọ́ọ̀pù tó dáa, láptọ́ọ̀pù sì ni irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí. Yunifásítì ìjọba ni, nítorí náà ọmọ lè béèrè owó ẹ̀yáwó NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, èyí tí kò ní èlé. Wọn kì í yá ọmọ yunifásítì aládàáni ní owó yẹn.

Nsukka ńkọ́? Yunifásítì Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ láti 1960 ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Physics and Astronomy. Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Okoye ló fẹsẹ̀ ìwádìí ìràwọ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń ka físíìsì ní Nàìjíríà mọ orúkọ ọkùnrin yìí. Ní 1965, nígbà tó wà ní Cambridge, òun àti Antony Hewish tẹ ìwádìí kan jáde pé ohun kékeré kan wà nínú Crab Nebula, ìyẹn èéfín tí ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù fi sílẹ̀, tó ń tú ìgbì rédíò jáde lágbára tó ṣàjèjì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ayé tó mọ̀ pé pulsar ni: ohun tó ṣẹ́ kù lára ìràwọ̀ tó ti kú, tó ń yí po ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ Nàìjíríà ló wà lára ẹni tó kọ́kọ́ rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Àjọ tó ń rí sí òfurufú nílẹ̀ wa, NASRDA, tún ní ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì òfurufú ní ìlú Nsukka yẹn kan náà.

Ohun tí ọmọ máa rí ní Nsukka tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí nítòsí ilé ni olùkọ́ tí ìràwọ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, tó lè fún un ní iṣẹ́ àṣekágbá lórí quasar (àárín àkójọ ìràwọ̀ tó jìnnà, tó ń tàn gidigidi) tàbí pulsar, tó sì lè kọ lẹ́tà fún un sí ẹni tó mọ̀ lókè òkun. Lẹ́tà irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wọ inú ilé ju ti ẹni tí wọn kò mọ̀ lọ. Èmi ò fojú kéré ìyẹn rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó gba Ọ̀rẹ̀, ẹ ó gba Benin, ẹ ó gba Asaba kọjá afárá Onitsha, kí ẹ tó máa gòkè lọ sí Nsukka. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì sùn níta rí, ẹ rò ó dáadáa. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀: ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi ti yunifásítì pa, ọmọ tó jìnnà sí ilé sì ń san owó ilé tí kò gbé.

Ìdájọ́ mi: ọmọ tó ti mọ̀ láti SS1 pé ìwádìí lòun fẹ́ ṣe, tó ń ka ìwé láìjẹ́ pé wọ́n lé e, tí ilé sì lè gbé owó ọ̀nà, kó lọ sí Nsukka. Ọmọ tó kàn fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì tí ọkàn rẹ̀ ṣì lè yí, Àgọ́-Ìwòyè ló dáa fún un, nítorí físíìsì kò ní ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ ọn lójú.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè lè fúnra rẹ̀ dí àlàfo tó wà níbẹ̀, àní pẹ̀lú ohun tó wà lọ́jà. Háídírójìn tó kún àárín àwọn ìràwọ̀ ń tú ìgbì rédíò jáde ní 1420 MHz, ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé ti fi páálí líle kọ́ àńtẹ́nà tó máa gbà á. Ẹ ó gé páálí mẹ́rin, ẹ ó fi fọ́ìlì tí a fi ń wé ẹja yíyan bo inú wọn, ẹ ó so wọ́n pọ̀ kí ẹnu wọn gbòòrò kí ìdí wọn fún, ẹ ó sì fi agolo onírin onígun mẹ́rin sí ìdí náà. Inú agolo yẹn ni wáyà kọ́pà kúkúrú kan wà, gígùn rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Láti ibẹ̀ ìgbì náà wọ ẹ̀rọ kékeré tó ń fún un lágbára, ó wọ RTL-SDR, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì rédíò tí a ń kì bọ USB, ó wọ láptọ́ọ̀pù. Tí wọ́n bá darí ẹnu páálí náà sí ibi tí ìràwọ̀ ti pọ̀ jù lójú ọ̀run, òkè kékeré kan á yọ lórí àwòrán tí kóòdù wọn, tí wọ́n fi èdè Python kọ, yà. Háídírójìn inú àkójọ ìràwọ̀ tiwa nìyẹn. Bí òkè náà ṣe yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ wá bá wa tàbí ó ń lọ.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nítorí kùrukùru kò ní kí ìgbì náà má kọjá. Ìjẹ̀bú ni a wà, òjò ń rọ̀ ní ìdajì ọdún, ọyẹ́ ń gba èyí tó kù. Awò olójú kò ní ráyè níbí bíi ti aṣálẹ̀. Rédíò ráyè. Òfin àgbáyé sì dá 1400 sí 1427 MHz sí fún irú iṣẹ́ yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ lórí rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà míì tó wà nílé

Ilé-Ifẹ̀ wà láàárín méjèèjì. OAU ní físíìsì àti engineering physics, inú ọgbà rẹ̀ sì ni ibùdó ARCSSTE-E wà láti 1998, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí, tó ń kọ́ni nípa sáyẹ́ǹsì òfurufú àti sátẹ́láìtì. Tí máàkì ọmọ bá tó Ifẹ̀, èmi á fi Ifẹ̀ ṣáájú Nsukka fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ wà lórí sátẹ́láìtì ju ìràwọ̀ lọ.

Tai Solarin ní Ìjàgun, tó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 2025, ń kọ́ àwọn tó máa kọ́ni ní físíìsì. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ń gba ara àyè tí físíìsì ìjìnlẹ̀ ì bá gbà. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ sí astrophysics láti ibẹ̀ máa ní ohun púpọ̀ láti kọ́ kún un.

Engineering ti OOU ní Ìbògùn jẹ́ ọdún márùn-ún. Ẹ má fojú fo ó. Awò rédíò kì í dá dúró láìsí ẹni tó mọ electronics. Computer Science ní Babcock ní Ìlíṣàn tàbí níbòmíràn á fún ọmọ ní kóòdù, kò ní fún un ní físíìsì. Kóòdù sì rọrùn fún onífísíìsì láti kọ́ ju kí oníkóòdù wá kọ́ físíìsì lọ.

Òkè òkun: ìgbà wo?

Láti ọdún kìíní? Mi ò fara mọ́ ọn, àyàfi tí sìkọ́láṣíìpù bá gbé gbogbo owó. Ní England, BSc jẹ́ ọdún mẹ́ta, MPhys (físíìsì tí wọ́n so Master's mọ́) jẹ́ mẹ́rin, àjèjì sì ń san owó tó pọ̀ ju ti ọmọ onílé lọ fíìfíì. Jámánì kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba (ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń gba 1,500 yúrò ní sẹ̀mẹ́sítà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù), ṣùgbọ́n láti 2024, 11,904 yúrò ni ọmọ gbọ́dọ̀ fi hàn ní báńkì fún ọdún kan kí wọ́n tó fún un ní físà, èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ Bachelor's, WAEC nìkan kì í sì í sábà tó wọlé tààrà. Mo ti rí ilé tí wọ́n ta ilẹ̀ fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kì í padà.

Lẹ́yìn BSc, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn máa ń sanwó fún ọmọ yín. Ibi mẹ́ta ni mo máa ń fi wé ara wọn.

Gúúsù Áfíríkà: ètò ẹ̀kọ́ astrophysics tí wọ́n ń pè ní NASSP wà láti 2003, Cape Town sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Ọdún Honours (ọdún kan lẹ́yìn BSc) ni, Master's tẹ̀ lé e, wọ́n sì dá a sílẹ̀ láti tọ́ onímọ̀ ìràwọ̀ Áfíríkà. Awò tó lágbára jù nílẹ̀ Áfíríkà wà nítòsí wọn: SALT ní Sutherland láti 2005, awò rédíò MeerKAT pẹ̀lú díìṣì 64 láti 2018, SKA, awò rédíò tó tóbi jù ú lọ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, sì máa gba MeerKAT mọ́ra. Ní 2024, Cape Town ni ìpàdé àpapọ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé ti wáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lórí ilẹ̀ Áfíríkà.

AIMS, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣirò ti Áfíríkà: Master's ìṣirò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town ní 2003, tó sì wà ní Ghana, Senegal, Cameroon àti Rwanda. Sìkọ́láṣíìpù ń gbé ọmọ tí wọ́n bá mú. Ọmọ tí ìṣirò rẹ̀ mú ṣùgbọ́n tí BSc rẹ̀ kò ní astronomy, ibí ni mo máa ń kọ́kọ́ darí rẹ̀ sí.

Amẹ́ríkà: PhD tààrà láti BSc, bíi ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Wọ́n máa ń gbé owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò, wọ́n á sì máa sanwó oṣù fún iṣẹ́ ìkọ́ni tàbí ti ìwádìí. Ìdíje ibẹ̀ le, wọ́n á béèrè lẹ́tà olùkọ́ mẹ́ta, owó ìforúkọsílẹ̀ sì ń ga tí ọmọ bá bẹ̀bẹ̀ sí ibi púpọ̀. Kó béèrè bóyá wọ́n lè yọ owó náà kúrò fún un, ọ̀pọ̀ ń ṣe é.

Èyí tó bá yàn, second class upper ni ó kéré jù, ìyẹn 3.50 nínú 5. Ọmọ tó bá ti jábọ́ sí 2.8 ní ọdún kejì, kó wá nǹkan ṣe sí i nígbà náà, kó má dúró de ọdún kẹrin. Fún ẹni tó ṣì wà ní yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá ní 2013, tó ń jẹ́ Pan-African School for Emerging Astronomers báyìí. Kó máa ṣọ́ ìgbà tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ bá jáde.

Kí ni wọ́n ń fi jẹ?

Lẹ́yìn ìpàdé PTA kan, ìyá ọmọ kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Tíṣà, ẹ má bínú o. Tí wọ́n bá wo ìràwọ̀ tán, ta ló ń sanwó fún wọn?"

Mo ní, "Màmá, ìbéèrè yín dáa. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń sanwó ìràwọ̀ fún. Àwọn tó kù, ohun tí wọ́n kọ́ níbi tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ni wọ́n ń fi jẹ."

Òótọ́ tí kò yẹ kí a fi bò mọ́lẹ̀ ni pé àyè onímọ̀ ìràwọ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn PhD, ọdún méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, kí iṣẹ́ tó dúró ṣinṣin tó dé, tó bá dé. Nílé, iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì àti NASRDA ló wà. NASRDA ló ni NigeriaSat-1 tó gòkè ní 2003, àti NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X ní 2011. Àwòrán ilẹ̀, ọ̀gbàrá àti oko ni wọ́n gbé wọn lọ yà, kì í ṣe ìràwọ̀.

Ẹ wá fi wé dátà. Awò Rubin ní Chile tó fi àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀ hàn ní 2025 máa kó bíi 20 terabyte jọ ní òru kan. Ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń fa òtítọ́ yọ nínú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, báńkì, ilé-iṣẹ́ fóònù àti ti ìbánigbófò ń wá a. John O'Sullivan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní CSIRO, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba ní Ọsirélíà, ìṣirò tí wọ́n ti lò láti wá àmì rédíò ihò dúdú ni wọ́n tún lò ní àwọn ọdún 1990 láti yanjú ìṣòro kan nínú Wi-Fi tí gbogbo ilé ń lò lónìí.

Iṣẹ́ kan tún wà tó sún mọ́ wa gidi: geophysics, físíìsì tí wọ́n fi ń wádìí abẹ́ ilẹ̀. Kí wọ́n tó gbẹ́ bọ́hòólù, onífísíìsì máa ń kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ìlà kan. Iná kékeré gba méjì tó wà ní ìpẹ̀kun, méjì àárín ń ka ohun tí ilẹ̀ fi dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń fa irin ìpẹ̀kun síwájú sí i ni wọ́n ń mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ sí i. Ní Àgọ́-Ìwòyè, àpáta líle ló wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá gbẹ́ láìwádìí lè má rí omi. Ní Ṣágámù, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀. Ìṣirò tó ń túmọ̀ ohun tí irin yẹn kà kò jìnnà sí èyí tí onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń mọ inú oòrùn láìdé ibẹ̀. Ọmọ físíìsì lè bọ́ sí i láìpadà sí ọdún kìíní.

Iṣẹ́ físíìsì ní ilé ìwòsàn náà ń dàgbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán sí jẹjẹrẹ, bíi ti ibùdó NSIA-LUTH tó ṣí ní Èkó ní 2019, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí onífísíìsì tó ń ṣírò bí ìtànṣán ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Master's ni wọ́n ń béèrè.

Ọmọ tó bá ti ń ka ìwé yìí pẹ̀lú òbí rẹ̀, kó lọ sí ẹ̀ka físíìsì tó ń gbèrò, kó béèrè ìwé tí wọ́n to gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin sí, kó wo iye ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ àti bóyá wọ́n ń kọ́ni ní kóòdù. Kó béèrè ohun tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń ṣèwádìí lé lórí. Tó bá sì ti wọlé, nígbà tó bá fi máa parí, kó béèrè transcript (ìwé tí wọ́n kọ gbogbo máàkì rẹ̀ sí) kí ó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀, nítorí ibi tí wọ́n ti fún un ní àyè lókè òkun kò ní dúró de ìwé tó ń pẹ́ lórí tábìlì.